Asà Tó Dorí Kodò

Páálí kan ni Patience kọ́kọ́ rí lórí ẹní ìnusẹ̀ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó tóbi tó páálí bàtà. Wọ́n fi tépù dí i, wọ́n lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, wọ́n sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i lára. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láìbọ́ kóòtù, ó sì pe àwọn ọlọ́pàá.

"Òmíràn tún ti dé," ó sọ fún wọn. "Ìkarùn-ún rèé."

Ruqoyyah débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Clondalkin, àdúgbò kan nílùú òyìnbó yìí, ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ já gaara, nítorí pé màmá rẹ̀ kì í dá ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé lóhùn. Ọ̀gá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Dónal, tẹ̀lé e wọlé, ó ń gbọn òjò kúrò lára.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Oúnjẹ wo, ọmọ mi?"

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọn ò ti rí Dókítà Jeremiah Olúníyì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìtàn àwọn náìtì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láàárín ìlú, ìyẹn àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin tó ń wọ aṣọ irin láyé ọjọ́un. Ó gbé báàgì jáde nílé wọn ní Hartstown láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò dé kíláàsì, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ruqoyyah wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ọ̀bẹ la páálí náà. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta. Wọn ò rán wọn, wọn ò sì ṣẹ́ etí wọn. Ẹni tó ká wọn fara balẹ̀ ká wọn. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀.

Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún wọn ká bó ṣe bá wọn.

"Mẹ́rin tó kù ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà nínú press." Patience lọ sí kíṣìnnì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lókè sínkì, ó sì kó wọn sórí tábìlì bí ẹni ń kó ẹran tó ti rà.

Kẹ́sẹ́ méjì ló kọ́kọ́ dé, irú èyí tí ẹlẹ́ṣin ń dè mọ́ ẹsẹ̀. Ẹnìkan ti rẹ́ wọn níbi gìgísẹ̀. Ìgbànú funfun tí wọ́n já sí méjì ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni idà kékeré tí èèyàn fi ń la àpò ìwé, òun náà ti ṣẹ́. Ìkẹrin ni asà onípákó kan tí wọ́n kùn. Ìkọ́ tí wọ́n fi máa gbé e kọ́ ògiri wà nísàlẹ̀ dípò kó wà lókè, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé e kọ́, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀.

"Nígbà tí dókítà rí wọn, kí ni wọ́n sọ?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. 'Ó yẹ bẹ́ẹ̀.'" Patience fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. "Ara rẹ̀ ò yá, Ruqoyyah. Tó bá po tíì, kọ́ọ̀pù méjì ló ń pò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún àga pé, 'Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n.' Kò séèyàn lórí àga. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àbẹ́là iwájú rẹ̀ kú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Ó dìde, ó jáde, kò tún padà síbẹ̀."

"Kí ni àwọn èèyàn yín wí?"

"Wọ́n ní àrokò ni. Wọ́n ní ẹnìkan ń fi ikú ránṣẹ́ sí i."

"Àrokò ni lóòótọ́," Ruqoyyah wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èdè tí wọ́n fi pa á, ó lè kà á sí òdì."

Patience mú ìwé pélébé kan jáde lápò. Ó ní inú ṣòkòtò ọkọ òun lòun ti rí i. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ló wà níbẹ̀: Nàbílà, Clondalkin. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ bó ṣe ń nà án sí i. "Mi ò fẹ́ ro ohun tí mò ń rò."

Dónal mọ orúkọ náà. Ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀kan lára àwọn tí dókítà ń kọ́ ni, pé lẹ́tà mẹ́ta ló ti fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn sì parí sí "ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá mi lóhùn." Ó ní kí àwọn lọ mú un wá, ọ̀rọ̀ á sì tán.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sà," Ruqoyyah dá a lóhùn. "Mo fẹ́ wo yàrá ìwé dókítà ná."

Yàrá náà kéré, ó sì tutù. Àga méjì ló dojú kọ ara wọn níbi tábìlì. Kọ́ọ̀pù tíì kan ti gbẹ níwájú àga dókítà. Èkejì kún dẹ́nu níwájú àga tó kọjú sí i, tíì náà sì ti pọ́n débi pé ojú rẹ̀ dì. Ruqoyyah rí i pé òun ò lè fìdí lé àga kejì yẹn. Ó dúró, ó sì ń ka ohun tó wà lórí tábìlì, ìwé kan tí dókítà ń fọwọ́ kọ ní Yorùbá.

Ó kà pé: "Kò sí ohun tí náìtì ń gbé sára tí kò nítumọ̀. Idà rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mú, ọ̀kan fún òtítọ́, ọ̀kan fún ìdájọ́. Kẹ́sẹ́ ni ìyára láti ṣe rere. Ìgbànú ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Asà ni ìgbàgbọ́, àárín ọ̀tá àti aláìlágbára ni ibùdúró rẹ̀."

Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Bí náìtì bá da ẹ̀jẹ́ rẹ̀, wọn á bọ́ gbogbo rẹ̀ lára rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọn á gé kẹ́sẹ́ rẹ̀ ní gìgísẹ̀. Wọn á já ìgbànú rẹ̀. Wọn á ṣẹ́ idà rẹ̀. Wọn á gbé asà rẹ̀ kọ́, wọn á sì dorí rẹ̀ kodò. Lẹ́yìn èyí, wọn á tẹ́ ẹ sórí pákó, wọn á daṣọ bò ó, àlùfáà á sì ka àdúrà òkú lé e lórí nígbà tó ṣì ń mí."

Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ayùn kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, ìyẹ̀fun irin tó ń dán sì wà lára eyín rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn ló ti bá Dónal àti Patience. Ó gbé páálí àárọ̀ yẹn lọ́wọ́.

"Mà, níbo gan-an lẹ ti rí i?"

"Níbẹ̀ yẹn. Lórí ẹní."

"Nínú ilé?"

"Nínú ilé. Gbogbo wọn náà ni."

Ruqoyyah lọ síbi ilẹ̀kùn, ó sì gbé páálí náà sí ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà gbà wọlé. Kò wọ̀ ọ́. Ihò náà kò gba ju ìka mẹ́ta lọ. "Kò gba ibí wọlé. Sítáǹbù wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò sí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lórí sítáǹbù náà. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ló gbé e sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Tèmi àti tiẹ̀." Patience gbójú sókè. "Ṣé èmi lò ń fura sí?"

"Rárá, mà. Ayùn tó rẹ́ kẹ́sẹ́ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Dókítà fúnra wọn ló ń fi àwọn nǹkan yìí ránṣẹ́ sí ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń lépa wọn. Àwọn ni wọ́n dá ara wọn lẹ́jọ́, tí wọ́n sì ń rọ ara wọn lóyè bíi náìtì tó da ẹ̀jẹ́, díẹ̀díẹ̀." Ó yíjú sí Dónal, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sọ́dọ̀ Patience. "Ohun rere kan wà níbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ lọ síbi iṣẹ́ lánàá, páálí yìí ò sí níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ yín wọlé síbí, wọ́n sì wà láàyè lóru àná."

Patience di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. "Aṣọ yẹn ńkọ́?"

Ruqoyyah kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́. "Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni mo lọ gba tiwọn. Aṣọ òkú Mùsùlùmí ni, mà. Mẹ́ta, láìrán, fún ọkùnrin."

"Mùsùlùmí kẹ̀? Díákónì lọkọ mi."

"Ohun tó mú mi dúró nìyẹn. Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ ní láti jẹ́ Mùsùlùmí, bíi Nàbílà yìí."

Nàbílà ń múra mọ́sálásí nígbà tí Ruqoyyah àti Dónal kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Clondalkin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọdún kẹta rẹ̀ rèé tó ti Ìlọrin dé. Ó fi abẹ́rẹ́ tó fẹ́ fi mú híjáàbù rẹ̀ há ẹnu. Nígbà tó rí káàdì ọlọ́pàá, ó yọ ọ́.

"Ṣé wọ́n ti rí dókítà, àǹtí?"

"A ò tí ì rí wọn. Kí lo fẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn lé lórí?"

"Ìbéèrè kan tí mo bi wọ́n ní kíláàsì. Wọ́n kàn dìde, wọ́n jáde, wọn ò padà wọlé. Mo rò pé mo ṣẹ̀ wọ́n."

"Ìbéèrè wo?"

Nàbílà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ń sọ ìtàn náìtì kan fún wa. Asà tiẹ̀ ṣófo, kò sí àmì kankan lára rẹ̀, kò sì síbodè tó máa ṣí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tó sùn sí lójú ọ̀nà, ó gbé asà ọ̀rẹ́ náà, wọ́n sì ṣíbodè fún un. Nígbà tí ẹni tó ni asà dé, àwọn oníbodè ní asà yẹn ti wọlé, òun lólè. Láti ọjọ́ náà, ilé ìsìn kí ilé ìsìn tí náìtì náà bá wọ̀, àbẹ́là ibẹ̀ á kú. Dókítà ń sọ ohun tí àbẹ́là dúró fún, tí asà dúró fún. Mo wá bi wọ́n pé, ẹni tó ni asà ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Kí nìdí tó fi jẹ́ òun lo béèrè?"

"Nítorí bàbá mi. Mo sọ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn." Ó wo ilẹ̀. "Tíṣà ni bàbá mi ní Lagos. Àwọn kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan, bàbá mi jẹ́rìí sí i, àwọn yẹn sì dáná sun ilé wa. Ọdún 2001 ni bàbá mi sá wá síbí. Nígbà tó kan bàbá mi láti sọ tẹnu wọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pinnu ẹni tí ìjọba máa gbà síbí ní àwọn ti gbọ́ ìtàn náà rí. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti sọ ọ́ lóṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni bàbá mi, wọ́n sì dá wọn padà sílé."

"Ṣé bàbá ṣì wà?"

"Wọ́n ti kú, ọdún 2011. Abẹ́ ìrọ̀rí wọn la ti bá ìwé yẹn."

"Ta ló tún mọ ìtàn náà?"

"Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ilé tí ìjọba kó àwọn tó ń wá ààbò sí. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún un, kí wọ́n lè mọ bó ṣe máa dún létí ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Jẹ́rì ni wọ́n ń pè é."

Ruqoyyah pa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dé. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, omi fọ́n sára wíńdò.

"Kí ló dé, àǹtí?"

"Nàbílà, ṣé o mọ orúkọ àkọ́kọ́ Dókítà Olúníyì?"

"J. O. ló wà lára ilẹ̀kùn wọn." Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọdún méjì ni mo fi jókòó níwájú wọn," ó wí.

"Mi ò bá má sọ ọ́ fún ọ lónìí. Ṣùgbọ́n àkókò ò sí. Ó ku nǹkan kan ṣoṣo tí dókítà fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun, ìyẹn àdúrà òkú. Aṣọ òkú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé láàárọ̀ yìí, ti ẹ̀sìn bàbá rẹ ni."

Nàbílà mú báàgì rẹ̀. "Mọ́sálásí wo lẹ rò pé wọ́n lọ?"

Ruqoyyah ti ń tẹ fóònù. Mọ́sálásí kẹta tó pè ló dáhùn bó ṣe fẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí kánáàlì. Àlùfáà Ridwanullah, lèmọ́mù ibẹ̀, ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n débẹ̀.

"Àná ló wá bá mi," ó wí. "Ó ní kí n kírun sí òun lára. Mo ní a kì í kírun jànásà sí alààyè lára. Ó ní òun kì í ṣe alààyè. Mo fún un ní tíì, mo sì jẹ́ kó fara pa mọ́ níbi tí a ń kó bàtà sí, nítorí òtútù. Láàárọ̀ yìí mo rí i pé aṣọ òkú kan dín nínú èyí tí a tọ́jú. Nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn ló padà wá. Ó bi mí bóyá mo ti yí ọkàn padà. Mo ní rárá."

"Ibo ló lọ?"

Àlùfáà nawọ́ síhà omi.

Wọ́n rí i níbi ilẹ̀kùn onípákó ńlá tí wọ́n fi ń sé omi kánáàlì. Orí pákó náà gan-an ló jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lókè omi. Bàtà àti kóòtù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká kóòtù náà dáadáa. Omi dúdú, ó sì ń ró lábẹ́ rẹ̀ bí èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Dónal fẹ́ máa lọ bá a. Ruqoyyah di apá rẹ̀ mú.

Nàbílà ló lọ.

"Dókítà."

Ọkùnrin náà wò ó. Irùngbọ̀n funfun ti hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni mò ń retí."

"Ta lẹ ń retí?"

"Bàbá ẹ. Láti ọjọ́ tó o ti béèrè ìbéèrè yẹn ló ti ń jókòó tì mí. Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí."

"Kì í ṣe bàbá mi nìyẹn," Nàbílà wí. "Bàbá mi ò mọ bí a ṣe ń dákẹ́."

Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì bà jẹ́. "Ìtàn tèmi ò lórí. Mo kàn ń wá iṣẹ́ ni. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Mo jókòó, mo la ẹnu, tiẹ̀ ló jáde. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, mo fara pa mọ́ sí ilé ìwẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra. Dárí jì mí, Nàbílà."

"Èmi kọ́ lẹ gba ìtàn rẹ̀. Mi ò lè bá bàbá mi dárí jì yín." Ó sún mọ́ pákó náà. "Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú fáìlì nílùú yìí tó pè wọ́n ní òpùrọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sómi yẹn, òpùrọ́ ni bàbá mi máa jẹ́ títí ayé."

"Wọ́n lè gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ mi. Patience ò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

Èèyàn kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lódìkejì, kò wẹ̀yìn. Dókítà fa ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lókè omi, ó fa ti òsì. Kò lè dá dìde. Ruqoyyah àti Dónal mú un lápá lọ́tùn-ún lósì, apá náà tutù bí irin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí oníṣègùn ti yẹ Dókítà Olúníyì wò, ó jókòó nínú yàrá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì léjìká. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Nàbílà àti ìyàwó òun wà níbẹ̀. Ruqoyyah tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.

"Orúkọ mi ni Jeremiah Olúníyì," ó bẹ̀rẹ̀. "Ìtàn tí mo sọ lọ́dún 2001 kí wọ́n tó gbà mí síbí, kì í ṣe tèmi. Ti Mùílì Àdìnlẹ́wà ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí."

Ó sọ ọ́ dé òpin. Kò yọ ilé ìwẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó parí ni Patience tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé Ruqoyyah ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ, o jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní o gbé ọmọ tí wọ́n yìnbọn fún lé èjìká, o sì sáré títí dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí ẹ lẹ́yìn. Ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Èmi kọ́."

"Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú bọ́ọ̀sì pé ọkùnrin tí màá fẹ́ nìyẹn."

Dókítà tẹrí ba. Patience dìde. Ó tún búláńkẹ́ẹ̀tì náà ṣe léjìká ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń já bọ́, kò sì wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ yí tábìlì ká, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàbílà.

"Ọmọ mi," ó wí, "irú èèyàn wo ni bàbá rẹ?"

Nàbílà fi etí híjáàbù nu ojú.

"Wọ́n ga," ó wí. "Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ará ilé kejì máa ń gbọ́."

"Máa sọ ọ́ lọ," Patience wí. "Mò ń gbọ́."